Orin Ojúlé Ìyá Wálé

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, lánàá tí orin Kérésì ń dún nínú fóònù yín lórí tábìlì tí a ti ń gé aṣọ, mo ní kí ẹ pa á. Ẹ wo ojú ara yín, ẹ rò pé inú ló ń bí mi. Inú ò bí mi. Ọ̀rọ̀ ló gba ọkàn mi, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé yìí kí ẹ lè kà á fúnra yín. Ìwé márùn-ún ni mo kà mọ, nítorí náà ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Ẹ ó ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ìyá arúgbó, èmi tí n kò tíì pé ogójì ọdún. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Èkó tí a wà yìí, kì í pẹ́ sọ aṣọ tuntun di àkísà. Ohun tí mo fi ojú mi rí ní àdúgbò yìí kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọdún tó ti kọjá sórí ẹ̀ kò tó ogún.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, wọn ò tíì ṣe afárá Abúlé Ẹ̀gbá. Láti Ìkòtún títí dé Ìgàndò, ọ̀dà ò tíì dé ojú ọ̀nà kékeré kankan. Bí òjò bá rọ̀, orí àpò iyanrìn la máa ń tò rìn bí adìẹ. Ògiri ilé kò ga. Bí ẹnì kan bá ń dín ata, ojúlé mẹ́ta á sín. Ní báyìí, géètì wà lójú òpópónà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò mọ orúkọ yín, ẹ̀yin náà ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè orí yín.

Etí la fi máa ń mọ̀ pé Kérésì ti ń bọ̀ nígbà náà. Ọyẹ́ á kọ́kọ́ dé, ètè á bó. Lẹ́yìn náà, ẹ ó gbọ́ maṣíìnì àwọn aránṣọ tí kò ní sinmi tọ̀sán-tòru, àwọn ọmọ á máa yin báńgà lẹ́yìn ilé, àkùkọ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ àga á máa kọ ní àkókò tí kò yẹ kó kọ. Nígbà tó bá wá di ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú Kérésì, bí aago mẹ́rin, ẹ ó gbọ́ wa.

Àwa méjìlá ni, láti ṣọ́ọ̀ṣì wa kékeré tí wọ́n fi pákó àti páànù kọ́. Ojúlé dé ojúlé la ti ń kọrin, a sì máa ń dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Bàbá Olórin ni olórí wa, àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìntì. Òun ló ṣe gbogbo orin wa fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú ìwé. Àǹtí Bísí ló ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lọ́dún kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí pákó tí wọ́n fi dí gọ́tà, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ dé ibàdí, ṣùgbọ́n ó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sókè orí, ó sì ń lù ú lọ. Kò ṣi ìlù kan. Inú gọ́tà níbẹ̀ ló wà tí a fi kọ orin náà parí kí a tó fà á jáde.

Èmi ni adárin. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Èmi tí oníbàárà bá kí, tí mo máa ń wo ilẹ̀ kí n tó dáhùn. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dà bíi pé gbogbo ayé ń wò mí. Bí mo bá ń kọrin, n kì í rí ẹnì kankan. Bàbá Olórin mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó fi mí síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ àṣà wa. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ní orin tirẹ̀. Àwa kọ́ là ń yàn án fún wọn. Onílé ló máa gbọ́ orin wa lọ́dún tó bá kọ́kọ́ dé àdúgbò, á ní, "Èyí ni tèmi," ó sì ti di tirẹ̀ nìyẹn títí tó fi máa kó kúrò. Gbogbo rẹ̀ wà lórí mi, n kò kọ ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe adùn orin ló máa ń jẹ́ kí èèyàn fẹ́ràn orin Kérésì kan ju òmíràn lọ. Ibi tí èèyàn bá ti rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ló máa dì mú.

Ẹ wo Alàájì tó ni ilé aláwọ̀ ewé. Mùsùlùmí paraku ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Tó bá ti ń gbọ́ wa bọ̀, á gbé àga síta, á gbé tẹ̀sùbáà lé orókún. Á ní, "Mùsùlùmí lèmi o. Ẹ máa kọ tiyín níbẹ̀, atẹ́gùn ni mo jókòó gbà." Orin tirẹ̀ ni èyí tó sọ pé Màríámù rìn títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ibi gbogbo tó dé, wọ́n ní kò sáyè. Bí a bá ti dé "kò sáyè, kò sáyè," ẹsẹ̀ Alàájì á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ àga. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Èkó, oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Kò sí onílé kan ní Ìdímù tó gbà wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ni wọ́n sùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Káfíńtà tó wà ní ìkángun àdúgbò, orin Jósẹ́fù ni tirẹ̀. Lọ́dún kan, ó dá wa dúró láàárín orin. Ó ní pákó ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí, ta ló gé e, kí ló dé tí orin wa ò dárúkọ rẹ̀. Bàbá Olórin fi ìlà kan kún un nítorí rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá ti kọrin béèrè ẹni tó gé pákó, Káfíńtà á dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù pé, "Èmi ni jàre." Ìyàwó rẹ̀ á sì dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé kó wá gé ti ibùsùn tó ti ṣẹ́ látọdún tó kọjá.

Àṣà kejì wà, òun ló gbé ọ̀rọ̀ mi dé ibi tó ń lọ. Ilé tí wọ́n bá ti ṣọ̀fọ̀ lọ́dún náà, a kì í fò ó. A ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó kọ orin jẹ́jẹ́ kan ṣoṣo. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í dún níbẹ̀, a kì í sì í pàtẹ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ilé tí a bá ti kọrin láì pàtẹ́wọ́, òkú ti sùn níbẹ̀ lọ́dún náà.

Ìyá Wálé ń gbé ní ojúlé kẹta sí ti Alàájì. Opó ni, ó ń ta kẹrosíìnì nínú dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ aró kan níwájú ilé. Òun ló ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa kí orókún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, òun ló sì kọ́ Àǹtí Bísí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń sunkún ọmọ. Orin tirẹ̀ nìyí:

*Ọmọ dé o, ẹ pàtẹ́wọ́,*
*Ọmọ ọ̀nà jíjìn ti wọlé,*
*Ẹ pàtẹ́wọ́ mẹ́ta fún un.*

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ́wọ́ mẹ́ta. Pá, pá, pá. Ìyá Wálé máa ń sọ pé kí ọmọ òun tó mọ ìrìn ló ti mọ àtẹ́wọ́ mẹ́ta yẹn, àti pé kò sí ẹni tó lè kọ orin náà fún òun kó má pa àtẹ́wọ́ náà pé.

Wálé dàgbà, ó di wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní Ìdímù. Èèyàn ẹlẹ́rìn-ín ni. Ó máa ń pè mí ní Aláìlóhùn. Tó bá ti rí mi á ní, "Aláìlóhùn, o jí ire bí? Má dáhùn o, kí ọ̀rọ̀ má lọ tán nínú ẹ." Nígbà tó yá, ó ní iná wẹ́dà ti fẹ́ fọ́ òun lójú, òun ń lọ sí Líbíyà, láti ibẹ̀ òun á ré òkun kọjá. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù nígbà tí wọ́n dé Àgádẹ́ẹ̀sì, ìlú tó wà lẹ́nu aṣálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Kérésì tí mò ń sọ yìí fi máa dé, ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé wa, a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, à ń fi orin kọ́ra, nígbà tí ọkùnrin kan wọlé. Ó gbẹ gan-an, bàtà tó wọ̀ tóbi jù ú lọ. Ó ní ará Àgbàdo lòun, òun àti Wálé jọ lọ ni. Bàbá Olórin fún un ní omi, ó mu ún tán, ó sì ní kí wọ́n tún bu òmíràn fún òun. Ó wá sọ fún wa pé ọkọ̀ wọn bàjẹ́ láàárín aṣálẹ̀, omi tán, Wálé kú ní ọjọ́ kẹta, àwọn tó kù sì gbẹ́ iyanrìn, wọ́n sin ín. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ òun kọ̀ láti wọlé. Ó rí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣí, ló bá yà sọ́dọ̀ wa.

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí Bísí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí a fo ilé náà lọ́dún yìí. Bàbá Olórin bi í pé nígbà tí ìyá náà bá wá béèrè ìdí tí a fi fo òun, kí la máa sọ. Ẹnì kan ní kí a kọ orin jẹ́jẹ́. Bàbá ní ìyẹn gan-an ni títúfọ̀, ó sì di èèwọ̀ kí akọrin ṣáájú àwọn àgbà dé ilé ọ̀fọ̀.

Ó wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. "Ọdún ló dé yìí. A kì í fi ikú ọmọ kí ìyá rẹ̀ kú ọdún. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, àwọn àgbà á lọ bá a lówùúrọ̀. Ní Sátidé, a ó kọ orin rẹ̀ fún un bí a ṣe ń kọ ọ́." Ó yí ojú sí mi. "Adárin, ẹnu rẹ lọ̀rọ̀ yìí wà. Má jẹ́ kí ohùn rẹ gbọ̀n."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá tí mò ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà rán mi ní kẹrosíìnì, kò sì sí ibòmíràn tí mo lè yà sí. Ìyá Wálé ń fi ìgò wọn kẹrosíìnì fún mi, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní òun ti dín ṣínṣín sílẹ̀ dè wá, òun ti yá bẹ́ǹṣì méjì lọ́dọ̀ Káfíńtà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Lọ́dún yìí, jọ̀ọ́, kọ ọ́ sókè dáadáa. Mo fẹ́ kó dé ibi tí Wálé wà." Mo ní, "Ẹ ṣé, Mà." Mo gbé kẹ̀ẹ̀gì mi, mo sì gbàgbé ìdérí rẹ̀ síbẹ̀.

Sátidé dé. A kọ ti Káfíńtà, ó dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù, àwa ò rẹ́rìn-ín. A kọ ti Alàájì. Alàájì wò wá títí, ó dá ẹsẹ̀ dúró, ó bi wá bóyá ara wa ò yá. A ní oòrùn ni.

Nígbà tí a dé ojúlé Ìyá Wálé, oòrùn ti ń wọ̀. Ó ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ léèsì aláwọ̀ òféèfé, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ará ilé kejì jáde láti wòran. Mo wo ilẹ̀. Mo dá orin.

Ohùn mi kò gbọ̀n. Ẹ gbọ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní. Ó jáde geere bí ohùn ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àwọn tó kù gbè é. Ọmọ dé o, ẹ pàtẹ́wọ́. Ọmọ ọ̀nà jíjìn ti wọlé. A dé ibi àtẹ́wọ́ mẹ́ta.

Pá, pá, pá. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló dún, ọwọ́ Ìyá Wálé.

A ò bá ara wa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó pinnu rẹ̀. Ọwọ́ wa ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀ pé a kì í pàtẹ́wọ́ nílé òkú, kò sì gbà láti ṣe é. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Àǹtí Bísí wà ní ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀ bí igbá tí wọ́n ti da omi inú rẹ̀ nù. Mo sáré bọ́ sí ẹsẹ kejì, bóyá wọ́n á rántí. A tún dé ibẹ̀. Pá, pá. Ìyá Wálé kò pa ẹ̀kẹta.

Orin dúró. Ó ń wo ọwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìkángun kan dé èkejì. Kò wo ojú ẹnì kankan.

Ó ní, "Ta ló kú nílé mi?"

Bàbá Olórin húkọ́. Ó ní ọ̀nà tí a rìn ti pọ̀, pé ó ti rẹ àwọn ọmọ.

"Bàbá, èmi ni mo kọ́ Bísí. Mo mọ ọwọ́ tó rẹ̀." Ó rọra rìn kọjá níwájú Bàbá Olórin, ó wá dúró síwájú mi. "Ìwọ kì í sọ̀rọ̀, o ò tíì ráyè kọ́ irọ́. Sọ ọ́ fún mi."

Ọmọdé kì í túfọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo rí Bàbá Olórin lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mi orí sí mi pé rárá. Gbogbo àdúgbò ń wò mí, kò sì sí orin tí mo lè sá sí lábẹ́. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, á wọlé lọ pẹ̀lú àìmọ̀ yẹn, á fi ṣe Kérésì, á fi ṣe ọdún tuntun, á máa bi ògiri léèrè.

Mo ní, "Bùrọ̀dá Wálé ni, Mà. Inú aṣálẹ̀ ni. Wọ́n sin ín."

Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ wá bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, ó jókòó. Ó bi mí, "Wọ́n sin ín?"

"Wọ́n sin ín, Mà."

"Ó rí ẹni sin ín," ló wí, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn nínú ilé. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó dé. Àwọn obìnrin dì í mú wọlé. Alàájì tó ti gbọ́ láti ojúlé rẹ̀ sáré dé láì wọ bàtà. Ṣínṣín wà lórí tábìlì nínú abọ́ ńlá, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ̀bi lójú àwọn àgbà. Wọ́n pè mí ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní mo ti gba ẹnu àgbà sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, wọ́n sì mú mi kúrò nípò adárin. Bàbá Olórin kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Inú mi kò dùn sí i, nítorí bàbá ló jẹ́ fún mi. N kò sì lè sọ pé ó burú. Àánú ìyá náà ló mú kó ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

Ẹ máa ń sọ pé fóònù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló pa orin ojúlé dé ojúlé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó ra ẹ̀rọ, kí géètì tó dé, ó ti kú. Lọ́dún kejì, ẹgbẹ́ náà jáde pẹ̀lú adárin mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn onílé ò gbọ́ orin mọ́, wọ́n kàn ń ka àtẹ́wọ́. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá pẹ́ díẹ̀, obìnrin ilé á ti di orí mú. Alàájì pàápàá kò gbé àga síta mọ́. Ní ọdún kẹta, kò sẹ́ni tó jáde.

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn Kérésì yẹn kí Ìyá Wálé tó ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé èpè ló fẹ́ ṣẹ́ fún mi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n dìde, kí n wọlé, kí n jókòó. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó sì wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ó wá ní òun gbọ́ pé wọ́n bá mi wí nítorí òun.

"Ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Àwọn àgbà kan náà ló ń pa òwe yẹn," ló wí. "Oṣù mẹ́rìnlá ni n kò fi ti ilẹ̀kùn mi, nínú Ìkòtún tí olè pọ̀ sí yìí, kó má bàa dé lóru kó rò pé a ò retí òun mọ́. N kì í sùn. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ajá, màá dìde. Alẹ́ ọjọ́ tí o sọ̀rọ̀ yẹn, nígbà tí àwọn obìnrin lọ tán, mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn. Mo sunkún dáadáa, mo sì sùn."